Ọkùnrin Tí Ó Dúró Ti Kẹ̀kẹ́: Ta Ni Ó Sọ Pé Ọjà Ni Ó Ń Lọ?

Ère igi kan wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Newark, ní New Jersey, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún. Ọkùnrin kan ni, ó dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un kò ju èyí tí ojú rí lọ: Ọkùnrin pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ Yorùbá ni, pé láti Nàìjíríà ni, pé ti ọ̀rúndún 20 ni. Orúkọ agbẹ́gilére kò sí níbẹ̀, orúkọ ìlú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, ère tí kò ní bàbá yìí wà lára àwọn iṣẹ́ ọnà Yorùbá tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti sọ̀rọ̀ lé lórí jù láti nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn. Àwa tí a ń gbé ní Bétérou, níbi tí kẹ̀kẹ́ kì í ti í ṣe ohun àríṣe-háà, gbà pé ó tó àkókò kí àwa náà sọ tiwa.

Kí a tó sọ tiwa, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti àwọn tí ó ṣáájú. Ní ọdún 1987, ilé tí wọ́n ń pè ní Center for African Art ní New York, tí Susan Vogel ń darí nígbà náà, ṣe ìpàtẹ kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Perspectives: Angles on African Art. Wọ́n pe ènìyàn 10, wọ́n kó fọ́tò iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà síwájú wọn, wọ́n ní kí olúkúlùkù yan èyí tí ó wù ú, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ayàwòrán wà nínú wọn, bí Romare Bearden ti Amẹ́ríkà àti Iba N'Diaye ti Senegal. Onímọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀, bí Ekpo Eyo ti Nàìjíríà àti Robert Farris Thompson. Olówó ńlá wà níbẹ̀, David Rockefeller. Babaláwo kan tí ó tún jẹ́ oníṣẹ́ ọnà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Lela Kouakou, ọmọ Baule láti Côte d'Ivoire. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jẹ́ kí àwọn yòókù wo iṣẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní ìbú àti òòró, ti Baule nìkan ni wọ́n fi han Kouakou. Wọ́n ní bí òun bá rí ti àwọn ẹlòmíràn, òṣùwọ̀n ilé rẹ̀ ni yóò fi wọ̀n ọ́n. A béèrè pé òṣùwọ̀n ilé ta ni Rockefeller fi wọn tirẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo nínú àwọn 10 náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ Yorùbá wà nínú ohun tí a kó kalẹ̀.

Òǹkọ̀wé James Baldwin ni ó yan ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Ó rí i pé iṣẹ́ ìgbà tiwa ni, kì í ṣe ti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó rí ọkùnrin kan tí ó mọ iyì ara rẹ̀, tí ó sì dákẹ́. Ó ṣàkíyèsí pé aṣọ rẹ̀ jẹ́ àkópọ̀ láti ibi púpọ̀, pé kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí ó bá a mu tán. Ó sọ pé kẹ̀kẹ́ ni ó fi ọkùnrin náà múlẹ̀ sínú ayé tí a ń gbé yìí. Lẹ́yìn náà ni ó fi iṣẹ́ rán an: lójú Baldwin, ọkùnrin yìí ń jẹ́ iṣẹ́ kan, iṣẹ́ náà sì lè má ṣeé ṣe.

Ní ọdún 1991, onímọ̀ ọgbọ́n-orí Kwame Anthony Appiah, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ghana, gbé ère náà àti ọ̀rọ̀ Baldwin sínú àròkọ kan nínú ìwé àtìgbàdégbà Critical Inquiry. Àròkọ yìí kan náà wọ inú ìwé rẹ̀ In My Father's House ní ọdún 1992. Appiah ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ Kouakou, ó sì yìn Baldwin pé ó yan ohun tí àwọn yòókù fojú fò. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ tí ó wà nínú ère náà kì í ṣe àjèjì tí a gbé kalẹ̀ láti bá Yorùbá wíjọ́. Agbẹ́gilére náà kò bìkítà bóyá òyìnbó ni ó kọ́kọ́ ṣe kẹ̀kẹ́. Ó gbẹ́ ẹ nítorí pé ó ń gbé ènìyàn kọjá ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé e dé.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ṣáájú wọn, irú ère báyìí kì í rí ààyè láàárín iṣẹ́ tí àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè ń pè ní ojúlówó. Bí ère bá ti ní kẹ̀kẹ́ tàbí akẹtẹ̀ òyìnbó nínú, wọn a ní ó ti bàjẹ́. Appiah fi yé wọn pé agbẹ́gilére kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè láti máa gbé inú ayé àná. Èdè wa tilẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Kí bàsíkùlù tó dé, ọ̀rọ̀ náà kẹ̀kẹ́ ti wà lẹ́nu wa. Òun ni àwọn ìyá wa fi ń pe ohun tí a fi ń ran òwú, tí ń yí bírí bírí lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà dé, tí òun náà ń yí, a fún un ní orúkọ tí ó wà nílẹ̀. A kò kà á sí àlejò. Gbogbo ọmọ Bétérou tí ó bá mọ òwú mọ ohun tí a ń wí.

Ibi tí a ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn nìyí. Ẹ wo ohun mẹ́ta tí a ti sọ nípa ọkùnrin yìí. Ìwé ìpàtẹ 1987 ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ oníṣòwò tí ń lọ sí ọjà. Baldwin ní iṣẹ́ ni ó ń jẹ́. Appiah ní kẹ̀kẹ́ wúlò fún un ju ẹsẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹrù kan náà ni wọ́n dì lé ọkùnrin náà lórí: pé ó ní ibi tí ó ń lọ, àti pé àìní ni ó ń lé e lọ. Kò sí ẹni tí ó gbà pé ó lè jẹ́ pé ó kàn jáde ni.

A kì bá má ti rí àlàfo yìí bí kì í bá ṣe ọmọ ilé-ìwé kan. Nínú ìjókòó ìkàwé wa, a gbé fọ́tò ère náà kiri, a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibi tí ọkùnrin náà ń lọ. Ọ̀kan ní oko. Òmíràn ní Parakou. Òmíràn ní ó ń lọ gba owó òwú. Ọmọbìnrin kan tí ó wà ní kíláàsì kẹta ní collège ni ó sọ pé: « Ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ pé kò lọ síbì kankan. Ó fẹ́ kí a rí òun ni. » Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín pẹ́, nítorí a tún ère náà wò, a sì rí i pé ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí igi náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun kìíní ni pé ọkùnrin yìí dúró. Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá mọ bí a ti ń gbẹ́ ẹni tí ó gun nǹkan. Ẹlẹ́ṣin wà nínú iṣẹ́ wọn láti ayébáyé: jagunjagun lórí ẹṣin, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, ẹṣin kékeré lábẹ́ ọkùnrin ńlá, nítorí pé iyì ẹni tí ó gùn ún ni a ń wọ̀n, kì í ṣe ìbú ẹṣin. Areogun ará Ọ̀sì-Ìlọrin, tí ó kú ní ọdún 1954, gbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ sára ilẹ̀kùn láàárín ẹlẹ́ṣin àti àwọn àwòrán mìíràn. Àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ní Kétou àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, ti gbé kẹ̀kẹ́, alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú ka orí igi, kí àwọn ará ìlú lè wò ó, kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, bí agbẹ́gilére wa yìí bá fẹ́ kí ọkùnrin rẹ̀ máa rin ìrìn-àjò, ọ̀nà àtigbẹ́ ẹ wà nílẹ̀: kí ó gbé e gun kẹ̀kẹ́, kí ó tẹ orí rẹ̀ síwájú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mú un dúró, ó sì jẹ́ kí ọkùnrin àti kẹ̀kẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ọ̀rẹ́ méjì.

Ohun kejì ni ibi tí a ti máa ń rí irú ìdúró bẹ́ẹ̀. A máa ń rí i nínú fọ́tò. Ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti ìgbà tí ayafọ́tò ti dé ìlú, ènìyàn a máa wọ aṣọ tí ó dára jù, a sì dúró ti ohun tí ó fẹ́ kí a fi mọ òun. Seydou Keïta ṣí ilé iṣẹ́ fọ́tò rẹ̀ ní Bamako ní ọdún 1948. Ó ní rédíò, aago ọwọ́ àti alùpùpù Vespa tí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè yá fún àwòrán. Kò sí ẹni tí ó rí Vespa nínú àwòrán Keïta tí ó béèrè ọjà tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ. Lẹ́yìn Keïta ni Malick Sidibé, ẹni tí ó bá àwọn ọ̀dọ́ Bamako lọ sí òde ijó lálẹ́, tí ó sì bá wọn lọ sí etí odò Niger lọ́jọ́ ìsinmi, níbi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gbọ́ orin, tí wọ́n sì ń dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn. Àwọn tí ó kọ̀wé nípa àwòrán wọ̀nyẹn kò tijú láti pè é ní ayọ̀. Kí ló dé tí a kò lè fún ọkùnrin onígi ní ohun tí a fún ará Bamako?

Ohun kẹta ni aṣọ. Baldwin rí i pé aṣọ náà kò bá ọkùnrin náà mu tán. Àwa mọ aṣọ tí kò bá ara mu tán. Aṣọ ìyìn ni, aṣọ tí a kì í wọ̀ lójoojúmọ́, tí ó lè jẹ́ pé a yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí ń lọ sí oko kì í wọ irú rẹ̀.

A kò ní ṣe bí ẹni pé ẹlòmíràn kò lè jiyàn. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn òwò Yorùbá yóò rán wa létí àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tí ń ru ọjà wọn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà wá lóṣòó dúró de gbèsè. Irú òwò bẹ́ẹ̀ mọ oore kẹ̀kẹ́. Yóò rán wa létí pé kẹ̀kẹ́ kò pọ́n ní ayé ìgbà náà, pé ẹni tí ó bá rà á gbọ́dọ̀ fi pa owó rẹ̀ padà. Yóò sì tọ́ka sí ọ̀nà tiwa níhìn-ín: iṣu, èédú, kajú, gàrí, wàgàsì àwọn Fúlàní, gbogbo rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ń rù wọ Bétérou lọ́jọ́ ọjà. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwa gan-an ń rí wọn: ọkùnrin tí ó sọ̀kalẹ̀, tí ó ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè nítorí pé ẹrù ti gba ibi tí ìdí rẹ̀ ìbá wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ère náà: iyì ni ó gbé dúró, kì í ṣe àárẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni àwọn àgbà wí. Àwa fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni ó wọ ọjà.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè ohun tí ó kàn wá nínú èyí. Ère wà ní Newark, àwa wà ní Borgou. Ó kàn wá, nítorí pé ojú tí àwọn àlejò fi wo ọkùnrin náà ni àwa náà fi ń wo ara wa. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé tí ó yá ojú àlejò lò kò sàn jù ú lọ. Ẹ ṣí àwọn àròkọ tí a ti kọ nípa kẹ̀kẹ́ sínú ìwé ìròyìn tiwa yìí. Kẹ̀kẹ́ a máa jẹ́ ìyà, a máa jẹ́ òṣì tí a ń làkàkà láti bọ́ nínú rẹ̀, a máa jẹ́ àtẹ̀gùn tí a ó gùn dé orí alùpùpù. Àwa kan náà ni a kọ wọ́n. A kò kọ àròkọ kan rí nípa ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ nítorí pé ìrọ̀lẹ́ tutù.

Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń gùn ún. Ìlú wa wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ilẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó dára fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí oòrùn bá ti rọ̀, àwọn ọmọ a gbé kẹ̀kẹ́ bàbá wọn, méjì lórí ọ̀kan, nígbà mìíràn mẹ́ta, wọ́n a gba ọ̀nà erùpẹ̀ pupa lọ sí etí odò Ouémé. Wọn kò gbé garawa, wọn kò sì gbé àwọ̀n. Wọ́n a wo omi, wọ́n a sáré ìdíje, ẹni tí kò ga tó a máa ki ẹsẹ̀ gba abẹ́ irin kẹ̀kẹ́ tẹ pẹ́dàlì. Ní Parakou, níbi tí ìkànìyàn 2013 ti ka ènìyàn 255 478, a rí àwọn àgbàlagbà tí ó gbé kẹ̀kẹ́ jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kí ara wọn lè le. Ọkàn wọn fà sí eré ìje kẹ̀kẹ́ náà: wọ́n mọ Tour du Faso tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1987, wọ́n mọ Biniam Girmay ọmọ Eritrea tí ó gba ẹ̀wù àwọ̀ ewé Tour de France ní ọdún 2024, wọ́n sì gbọ́ pé Kigali ni a ti ṣe ìdíje àgbáyé eré kẹ̀kẹ́ ní ọdún 2025. Ohun tí àwọn lámèyítọ́ kò rí nínú igi kò ṣọ̀wọ́n ní ìgboro.

Ẹni tí a kò rí ayọ̀ rẹ̀, a kì í ro ti ayọ̀ rẹ̀ mọ́ ètò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń la ọ̀nà fún ọkọ̀ akẹ́rù àti fún alùpùpù, tí oníkẹ̀kẹ́ sì ń sá bọ́ sínú koríko bí wọ́n bá fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ láìsí iṣẹ́ tí a rán an fi ń di ọ̀lẹ lójú àwọn òbí. Ó sì ta ọmọbìnrin lára ju ọmọkùnrin lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó dáhùn lọ́jọ́ náà ní kẹ̀kẹ́; wọ́n rà á fún un nítorí pé collège jìnnà sí ilé. Nígbà tí ìsinmi ọdún dé, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà wọlé, wọ́n so ó rọ̀ mọ́ àjà. Wọ́n ní ti ilé-ìwé ni, kì í ṣe ti eré. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń gun ti bàbá wọn lọ sí odò. Nígbà tí ó ní ọkùnrin inú ère náà fẹ́ kí a rí òun, a rò pé ó mọ ohun tí ó ń sọ.

Ère náà pẹ̀lú ní àléébù lójú wa níbi yìí, a kò sì ní tìtorí pé ọmọ ilé ni kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ọkùnrin ni ó tún wà níbẹ̀. Baldwin kò sọ nípa rẹ̀, Appiah kò sì fi ṣe kókó, bóyá nítorí pé ó dà bí ẹni pé bí ó ti yẹ kí ó rí ni. Agbẹ́gilére tí kò bìkítà ẹni tí ó ṣe kẹ̀kẹ́ kò bìkítà pẹ̀lú láti béèrè ẹni tí ó lè gùn ún. Ọ̀nà tí ó là fún kẹ̀kẹ́ láti wọ inú iṣẹ́ ọnà wa, ọkùnrin nìkan ni ó là á fún. Ẹni tí yóò gbẹ́ ọmọbìnrin oníkẹ̀kẹ́ lè wà láàárín àwọn tí ń ka ìwé yìí.

Ìdájọ́ wa kò le. Ọkùnrin pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ jẹ́ iṣẹ́ àtàtà, ó sì yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ ọ́n bí wọ́n ti mọ ẹlẹ́ṣin. Kí wọ́n ka Appiah. Ó tọ̀nà lórí ohun tí ó tóbi jù, pé kẹ̀kẹ́ jẹ́ tiwa. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá jẹ́ tiwa kò pọn dandan kí ó máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà kí a tó gbà pé tiwa ni. Igi náà kò sọ ibi tí ọkùnrin náà ń lọ, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ní àṣẹ láti fi ọjà tì í lọ́rùn.

Iṣẹ́ kan wà tí a fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé níhìn-ín, fọ́tò àtijọ́ kan wà, nínú àpótí tàbí lára ògiri, níbi tí bàbá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ti dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ mú un wá sí ìjókòó wa tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú un wá, bí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ bá ṣì wà láàyè, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ bi í léèrè ibi tí ó ń lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe bá a dáhùn. Ẹ kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀, kí ẹ sì bi àwọn ìyá yín àgbà pẹ̀lú bóyá wọ́n gun kẹ̀kẹ́ náà rí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nílé.